Inú Àgbá Ògúnjìnmí

Ní ìlú wa Ìfọ̀nyìn, tí àwọn Faransé kọ ní Ifangni láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, bí kẹ̀kẹ́ rẹ bá bàjẹ́ ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, ọ̀dọ̀ Ògúnjìnmí ni wàá tì í lọ. Ó ní àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè, ó ní àpótí irinṣẹ́ kan, ó sì ní ẹnu. Kí ó tó lẹ rọ́bà táyà rẹ tán, wàá ti gbọ́ ìtàn Àjàṣẹ́, yálà o fẹ́ gbọ́ ọ tàbí o kò fẹ́.

Ìtàn náà kì í yí padà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbafẹ́ àwọn òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́ kí òmìnira tó dé. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, òun ni ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ bíà. Òun ló ń fa ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní róbínè, òun ló mọ bí ìfófòó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó lórí ife, kò sì sí òyìnbó tó jẹ́ fọwọ́ kàn án bí òun bá wà níbẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ á máa mi orí. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ògúnjìnmí mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn ún.

Èyí tó ń dùn ún jù ni pé wọn kò jẹ̀bi. Kí n kúkú sọ ọ́ báyìí, kí èmi náà má baà máa gbé e pamọ́ bíi tirẹ̀: Ògúnjìnmí kò fa róbínè kankan rí láyé rẹ̀. Ife ló ń fọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó fi wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé náà, tó ń fọ ife, tó ń nù ún, tó ń gbé e sókè wo nínú ìmọ́lẹ̀. Láti ojú fèrèsé kékeré tí wọ́n ń gba gbé ife wọlé ni ó ti ń wo ọkùnrin aláṣọ funfun tó ń fa ẹ̀rọ, tí gbogbo ènìyàn ń fi ọ̀wọ̀ pè ní mùsíè. Ní tèmi, iṣẹ́ gidi ni ife fífọ̀, mi ò rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Ògúnjìnmí. Nígbà tó ń padà bọ̀ wá sílé, ó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó gbé ti aláṣọ funfun bọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ni Ọ̀ṣuntóyè, ìyá Félicité. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni obìnrin yìí ń pọn. Á jẹ́ kí àgbàdo rẹ̀ hù dáadáa kó tó sá a, á lọ̀ ọ́, á sè é títí àdúgbò á fi gba òórùn rẹ̀, láti Tchaada títí dé Banigbé ni àwọn ènìyàn sì ti ń gbé agbè wá rà á. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Àjàṣẹ́, á dìde, á lọ wo iná rẹ̀.

Ní ọdún kẹta òmìnira, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó irin àlòkù lọ sí ẹnubodè dúró níwájú àtíbàbà náà kí awakọ̀ lè bu omi sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ògúnjìnmí gbójú sókè. Láàárín àwọn irin tó ti dípẹtà, ó rí àgbá bíà kan, pẹ̀lú ọ̀pá bàbà àti róbínè rẹ̀. Ó bi awakọ̀ léèrè ibi tó ti rí i. Wọ́n ti ti ilé ìgbafẹ́ Àjàṣẹ́ pa, wọ́n sì ti ta ohun gbogbo inú rẹ̀ bí irin lásán. Kẹ̀kẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ọdún kan tò jọ láti ara àwọn kẹ̀kẹ́ tó ti kú. Ó tì í fún awakọ̀, ó sì gbé àgbá sọ̀ kalẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, Mètírì Pọ́ọ̀lù yọjú. Olùkọ́ ni, òun sì tún ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò bí a ó ṣe ṣí ilé ìwòsàn tuntun.

"Bon, Bàbá Félicité," ni ó wí, "àwọn àlejò láti Àjàṣẹ́ ń bọ̀ wá ṣí ilé ìwòsàn lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé ẹ lè fún wọn ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ìyá Félicité láti inú ẹ̀rọ yìí? Kí wọ́n rí i pé àwa náà mọ nǹkan."

"Ṣé ó ku ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn?" ni Ògúnjìnmí fi dá a lóhùn. Ó fọwọ́ sọ àyà níwájú gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn òrùka rọ́bà tó ń dí ojú àgbá ti gbẹ, wọ́n ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àkàrà àná. Ó gé òmíràn láti ara rọ́bà inú táyà, ó dé àgbá náà pa, ó fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì rì í sínú agbada omi, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wá ojú ibi tí táyà ti lu. Omi hó ní ibi méjì. Ó tún òrùka gé, ó tún un rì, títí omi fi dákẹ́. Róbínè ti gan pa, kò ṣeé yí. Ó rẹ ẹ́ sínú àdín fún ọjọ́ méjì, ó rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló dà á láàmú: ìgò gáàsì tó ń ti bíà jáde kò bá ẹrù náà wá, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rí irú rẹ̀.

Ọ̀ṣuntóyè sọ̀rọ̀ láti ìdí iná. "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mi máa ń ti ìdérí agbè dànù fúnra rẹ̀. Ẹ dé e mọ́ inú àgbá nígbà tó bá ṣì ń hó. Ṣé kò ní ti ara rẹ̀ jáde ni?"

Ògúnjìnmí wò ó tìyanutìyanu. Kò rò ó rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan dídán. Ó fi eérú àti iyanrìn kúnná dán ara àgbá náà títí o fi lè ka eyín rẹ nínú rẹ̀. Ó ku inú. Ó gbé imú sí ojú rẹ̀, òórùn bíà ọdún pípẹ́ sì kọlù ú, ó kan, ó tún ń rùn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi kànrìnkàn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́rin jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń wò ó, ó sì rántí pé ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn kò fọ nǹkan kan rí. Ẹni tó ń fọ nǹkan, yàrá ẹ̀yìn ló máa ń wà. Ó fa ọwọ́ padà, ó da omi tútù garawa méjì sínú àgbá, ó mì ín, ó dà á nù. "Ó ti tó," ni ó wí.

Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, bí ogún ènìyàn ló wá. Ògúnjìnmí wọ ẹ̀wù funfun. Ó fa róbínè, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sì jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfófòó rẹ̀ kú kí ó tó dé etí ife, epo àdín sì ń dán lójú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ mu ún, ó tu ú dà sílẹ̀. Àwọn méjì tí ojú ń tì láti tu ú gbé e mì, inú sì ń lọ́ wọn títí di ọjọ́ kejì.

Gbogbo wọn yíjú sí Ọ̀ṣuntóyè. "Bóyá àgbàdo rẹ̀ ló bu," ni ẹnìkan wí.

Ògúnjìnmí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Imú rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ó lanu, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni pé, "Ó lè jẹ́ àgbàdo náà o."

Àánú ọkùnrin yìí ti ń ṣe mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, kò ṣe mí rárá.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìkòkò Ọ̀ṣuntóyè ṣì kún bó ṣe gbé e dé. Àwọn obìnrin Banigbé kí i dáadáa, wọ́n béèrè àlàáfíà Félicité, wọ́n sì kọjá lọ. Ọjọ́ ọjà kejì, bákan náà. Ó gbé ọtí náà padà sílé, ó dà á fún ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀, Ògúnjìnmí kò sì lè jẹun tán mọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí àwọn àlejò dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀ṣuntóyè wá sí àtíbàbà. Ó gbé ìkòkò omi gbígbóná kalẹ̀, ó gbé omi eérú tì í, ó da ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó fi kànrìnkàn àti okùn gígùn kan lé e lórí.

"Ẹ fọ̀ ọ́," ni ó wí.

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ ife ní Àjàṣẹ́."

Ògúnjìnmí gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Angèle tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́. Oyún Félicité ṣì wà nínú mi nígbà yẹn. Ó ní àwọn òyìnbó ń sọ pé kò sí ibi tí ife ti ń mọ́ tó ti ọwọ́ ọkọ mi. Inú mi dùn, mo sì ń retí kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́ fún mi."

Félicité ti pé ọmọ ọdún méje. Ọdún méje ni obìnrin yìí ti ń dìde lọ wo iná tí kò kú. Ìtìjú bo Ògúnjìnmí débi tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó sì jókòó tán, ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ìgbà tí a bá sọ ẹrù orí kalẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí kànrìnkàn.

Ó tú róbínè sí wẹ́wẹ́. Ó so àkísà mọ́ okùn, ó fà á gba inú ọ̀pá bàbà kọjá, ohun dúdú kan tó ń yọ̀ sì bá a jáde. Ó fà á títí àkísà fi ń jáde ní funfun. Ó da omi eérú gbígbóná sínú àgbá, ó yí i nílẹ̀, ó dà á nù, ó fún ọsàn sí i, ó tún fi omi híhó ṣàn án. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Níkẹyìn, ó bu omi ìṣàn náà sínú ife onídígí, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, kò sì fi ara pamọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí i tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Ògúnjìnmí fa róbínè níwájú ilé ìwòsàn tuntun. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tú jáde pẹ̀lú ìfófòó tó nípọn, tó jókòó lórí ife tí kò lọ. Àwọn àlejò mu, wọ́n tún béèrè. Mètírì Pọ́ọ̀lù dìde.

"Voilà," ni ó wí, "ọ̀gá ẹ̀rọ bíà wa láti Àjàṣẹ́."

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ohun tí Ògúnjìnmí ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ó sì dùn mọ́ ọn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára àwọn obìnrin Banigbé tó dúró lẹ́yìn, tí wọn kò fọwọ́ kan ife. Ó wo Ọ̀ṣuntóyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada omi tí wọ́n fi ń ṣan ife.

"Àgbàdo Ìyá Félicité kò bu," ni ó wí. "Èmi ni mi ò fọ inú àgbá. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí ẹ dá a lẹ́bi. Mi ò tilẹ̀ ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ rí. Ife ni mo ń fọ̀ ní Àjàṣẹ́."

Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Banigbé jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀ṣuntóyè, ó sì gba ife. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ti àgbàdo gbọ́. Ní ti ife fífọ̀, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ènìyàn sì bá a rín in.

"Ẹ rí i bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀," ni Mètírì wí. "Ọ̀gá ńlá."

"Òótọ́ ni mo sọ," ni Ògúnjìnmí wí, ẹ̀rín wọn sì tún pọ̀ sí i. Àwọn àgbà kan wà ní Ìfọ̀nyìn títí dòní tí wọn kò jẹ́ gbà pé kì í ṣe òun ló ń fa ẹ̀rọ fún àwọn òyìnbó.

Ọ̀ṣuntóyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ife lọ́wọ́ àlejò kan tó ti mu tán, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. Ògúnjìnmí fi róbínè sílẹ̀ níbẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, ó wá sídìí agbada, ó fọ ife náà, ó nù ún, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i wò, ó sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀ṣuntóyè náà gbé e sókè. Ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó mọ́," ni ó wí.