Ìmọ̀ràn Méjìlá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ Fún Àwọn Àna Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọgọ́ta ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń pè é ní Lándílọ́ọ̀dù. Ike ni wọ́n fi ṣe gbogbo ilé náà, ìjókòó kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ayálégbé tó lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀ rí, àfi ọkùnrin kan tó sùn lọ. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọdún orin ní pápá ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ á kó àwọn ṣálángá oníke náà wá, ẹ̀gbọ́n mi á tò wọ́n, á máa fọ̀ wọ́n, á máa kó bébà sínú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èmi ni mo wà nídìí omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Kò sí ẹni tó mọ ọdún orin tó ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fi ojú rí akọrin kan lórí ìtàgé rí. Ẹ̀yìn pátákó ni àyè wa. Ohùn wọn nìkan ló mọ̀. Ó lè sọ fún ẹ pé orin tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ yìí máa pẹ́, pé kí o yáa tètè ṣe tìẹ, tàbí pé ó ku díẹ̀ kó parí, kí o dúró kí èrò má baà gbá ẹ lọ. Àwọn tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́, òkèèrè ló ti ń dá wọn mọ̀. Bàtà funfun ni wọ́n máa ń wọ̀. Á pè wọ́n, á gbà wọ́n nímọ̀ràn láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Àwọn kan á dúpẹ́, àwọn mìíràn á kàn máa wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn tó ń wo ìbọ̀wọ́ yẹn á padà wá béèrè ohun tó sọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ọmọ wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ tọ́ ọ. Ó kàwé, ó di apoògùn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán gbinrin. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀ka ìlera ni bàbá òun wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ kọ́ nìyẹn. Èmi ní òótọ́ náà kọ́.

Ọmọ yìí rí ọkọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ọkọ náà. Ẹbí méjèèjì ò tíì rí ara wọn, wọ́n ti dá ọjọ́ sí Sátidé tó máa tẹ̀lé ọdún orin. Àfi bí bàbá ọkọ ṣe ní òun náà ń lọ sí ọdún orin ọ̀hún, òun àti ìyàwó òun. Kò débẹ̀ rí. Akọrin àgbà kan ló fẹ́ràn láti ìgbà ọ̀dọ́, akọrin náà sì ti kéde pé òun ò ní kọrin mọ́ lẹ́yìn tọdún yìí.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé kò lè jẹun. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá sínú oko rẹ̀, wọn ò sì mọ ọ̀nà. Ó fa ìwé kan ya nínú ìwé àjákọ, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó sì fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta kọ ìmọ̀ràn méjìlá fún wọn. Mo kà á. Èkíní ní kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Èkejì ní kí wọ́n dé fìlà. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n máa mu ife omi kan ní wákàtí wákàtí, torí oòrùn pápá kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Mẹ́sàn-án tó kù, ọ̀rọ̀ ṣálángá ni.

Ọmọ rẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó dúpẹ́, ó jókòó.

Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí wa níbẹ̀, ẹ má tíì pè mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí yín ní Sátidé, nínú ilé, nínú aṣọ yín tó dáa."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tí mo bá rí ẹ, mi ò rí ẹ." Ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo fẹ́ da ilẹ̀ nù, ni mo bá rí ìsàlẹ̀ ìwé náà nínú garawa. Ọmọ yìí ti fi sísọ́ọ̀sì gé e. Gígé ọ̀hún gún régé, iṣẹ́ apoògùn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló mú lọ.

Mo pè é. "Kí lèyí?"

"Àǹtí, ẹ dákun. Tí wọ́n bá ka mẹ́sàn-án yẹn, ṣé wọn ò ní bi mí níbi tí bàbá mi ti mọ gbogbo ẹ̀ ni?"

"Inú ṣálángá yẹn ni owó ilé-ìwé ẹ ti jáde."

"Mo mọ̀, mà."

"O ní kí àgbàlagbà máa mu omi, o wá gé ibi tí omi máa gbà jáde dànù."

"Àǹtí, wọn kì í ṣe ọmọdé."

Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, torí mo mọ̀ pé kò ní bínú, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ohun kan péré ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú: ṣé ọmọ yìí máa lè pe ọkùnrin yìí ní bàbá rẹ̀ níbi tí etí èrò wà?

Ọjọ́ pé. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ ló padà sọ ọ́ fún mi. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Fìlà, ó dé e. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí wákàtí kan bá ti pé, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á bu omi kún ife, á mu ún tán. Ìyàwó ní kó sinmi, ó ní ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Aago mẹ́rin ni akọrin àgbà gun orí ìtàgé. Ẹni tó bá ka ìmọ̀ràn kẹfà máa mọ̀ pé nígbà tí akọrin ńlá bá bẹ̀rẹ̀ orin kejì, gbogbo ilé mi máa ń ṣófo, mo ṣì í sọ, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni, èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ láìpàdánù nǹkan kan, torí gbohùngbohùn ò mọ ibi tí èèyàn jókòó sí. Bàbá ọkọ ò mọ̀. Orin mẹ́tàdínlógún ni akọrin náà kọ, bàbá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìjókòó. Ìgbà tó ṣe tán ni gbogbo pápá dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n kọjú sí ọ̀dọ̀ wa.

Ìlà gùn débi pé mi ò rí ìdí ẹ̀. Bàbá wà láàárín, ó dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ó ń pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ọmọ rẹ̀, ọkọ ọmọ wa, dúró tì í, ọmọ tiwa náà sì wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó wo ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló rí ẹsẹ̀ bàbá.

Ilé kan wà tó máa ń tì pa fún àwa òṣìṣẹ́, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Ó rìn lọ bá bàbá. "Ẹ máa bọ̀ lọ́hùn-ún, sà."

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé na ọwọ́ dí wọn lọ́nà. "Níbo lẹ ń mú wọn lọ? A ti wà níbí tipẹ́. Àwa náà kì í ṣe igi."

Obìnrin kan ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n. Kí ni wọ́n fi jẹ́ yín?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ìbéèrè yẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ ọ́. Ó di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú. Bàbá ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, pé òun máa tẹ̀lé ìlà. Ohùn ilé-ìwé ló fi sọ ọ́. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Bàbá mi ni!"

Gbogbo ìlà yíjú. Ọmọ tiwa ló pariwo yẹn. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Bàbá mi nìyẹn. Àwọn ló ń fọ ibí. Bàbá ọkọ mi sì lẹ dí lọ́nà yẹn."

Kò sí ẹni tí kò ní àna lórí ìlà yẹn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ti òun tọ̀ sára lójú òun. Aláṣọ ewé ló kọ́kọ́ yà. Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ̀rọ̀."

Bàbá wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá lọ na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sẹ́yìn nítorí ìbọ̀wọ́. Bàbá ò ká ọwọ́ tirẹ̀ kò, ó dúró títí ẹ̀gbọ́n mi fi bọ́ ìbọ̀wọ́ náà.

Ó ní, "Ìwé yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Mo tẹ̀lé e, mi ò fo ẹyọ kan. Ó kúrú."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó yíjú padà sí bàbá. Ó ní, "Bébà ló tán lọ́wọ́ mi."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kò sì mọ̀ ọ́n pa. Gbogbo wa la rí i. Bébà wà lábẹ́ apá rẹ̀, ìdì mẹ́rin.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Kò tán, sà. Èmi ni mo gé e. Iṣẹ́ wọn ló ń tì mí lójú." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìkẹrin: bàbá mi ní kí ẹ mọ ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà kí ẹ tó mọ ibi tí ìtàgé wà. Ìkarùn-ún: bàbá mi ní kí ẹ fi àwọn ti ìdí géètì sílẹ̀, kí ẹ rìn dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀lẹ kì í débẹ̀."

Ó mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Bàbá yọ ìwé kékeré náà nínú àpò, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ń kọ. Àwọn tó wà lórí ìlà sún mọ́ ọn. Nígbà tó dé ìkẹjọ, pé kí èèyàn má fi fóònù sí àpò ẹ̀yìn, obìnrin kan ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ. Ó ṣi ìkọkànlá sọ, bàbá rẹ̀ tún un ṣe, ó ń bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló sọ pé "bàbá mi ní" létí gbogbo èrò tó wà níbẹ̀. Mo kà á. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń kà á, mo rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń mì.