Bí A Ṣe Fi Jahi Sílẹ̀ Lọ sí Ẹ̀yìn Bwari

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ mi sọ fún èmi àti àwọn ọmọ pé a máa ta ilé. Ó ti ka ẹsẹ Bíbélì tó ní ká má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ó pa ìwé náà dé, ó sì gbé e lé orúnkún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbàdúrà sí i, ọkàn òun sì ti balẹ̀. A máa ta ilé tí a ń gbé ní Jahi, nínú ìgboro olú-ìlú, a máa ta ọkọ̀ méjèèjì, a máa san gbèsè báńkì àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà ní ibi iṣẹ́ wa, a ó sì fi ìyókù ra ilẹ̀ lẹ́yìn Bwari. Òun máa fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, òun máa dáko. Láti ọjọ́ náà lọ, a ò ní yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọbìnrin wa, tó ti ń di ọ̀dọ́ nígbà náà, fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá iná mànàmáná wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin béèrè bóyá a máa lè ní ajá. Ọkọ mi wá yíjú sí mi.

"Mọ́mì, kí lo rí sọ sí i?"

"Ó dáa," ni mo wí.

Mo rò pé ó ń retí kí n jà. Bí mo bá jà, bóyá ì bá tún un rò. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi. Mo dìde, mo lọ po ògì.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe rí ní àkókò yẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, oyún bà jẹ́ lára mi, oyún tó ti ń mira nínú, tí àwọn ọmọ ti ń gbé etí lé e. Wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọlé iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ìyá ìjọ wá kí mi. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé ẹni tó bá sunkún ń bá Ọlọ́run jà ni. Mi ò sunkún. Mo gbọ́ ti wọn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo fẹ́ sunkún níkẹyìn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́. Oúnjẹ ò korò lẹ́nu mi, kò sì dùn. Ẹni tó bá bi mí bóyá mo wà dáadáa, mo máa ń ní a dúpẹ́. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ oyún náà rí. Bíbélì ló ń kà, ó ń jí kà á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọjà àga tó wà ní Kugbo la ti ra àga onítìmùtìmù wa, Kugbo náà ni ọkùnrin tó wá rà á ti wá. Ó jókòó sórí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìdí tẹ̀ wọ́n wò.

"Ẹ máa lọ sí òkè òkun nìyẹn?" ó bi mí, nítorí àwọn tó ń lọ sí Kánádà ló sábà máa ń ta ẹrù báyẹn.

"Rárá o. Bwari là ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, pé mi ò fẹ́ kí ayé gbọ́ ibi tí à ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àga jáde tán, àmì ẹsẹ̀ wọn wà lára kápẹ́ẹ̀tì. Mo dúró wò wọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì náà lọ.

Ibi tí a kó lọ kì í ṣe àárín ìlú Bwari. Bí èèyàn bá ti kọjá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ amòfin ti ń rìn káàkiri nínú aṣọ dúdú àti funfun, yóò gun ọ̀kadà gba ọ̀nà eléruku lẹ́bàá òkè, títí dé ibi tí ilé ti fọ́n ká. Tiwa jẹ́ yàrá mẹ́ta tí wọ́n fi páánù bò, pẹ̀lú kànga níwájú àti igi máńgòrò ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin Gbagyi kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, opó, ló ń gbé nítòsí wa. Èjìká ló fi ń ru igi ìdáná, kì í ṣe orí, bí gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé ló yọjú.

"Sànnu," ó wí.

"Yauwa, sànnu," ni mo dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni Hausa mi parí sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibẹ̀ ni tirẹ̀ náà parí sí.

Èmi ò fi iṣẹ́ tèmi sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì ní Bwari, tí mò ń gba Dutse àti Kubwa lọ sí ọ́fíìsì, tí mo sì ń padà dé pẹ̀lú eruku lórí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ rò pé wọ́n lé wa jáde nílé ni. Ọ̀kan tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ọkọ mi ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn wòlíì kan, kí n tètè wí. Mo ní kò sí wòlíì kankan níbẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣu wa ò tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ọkọ mi kó wọn wọlé pẹ̀lú orin ìyìn. Ọwọ́ rẹ̀, tó jẹ́ ọwọ́ akọ̀wé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ti bó, ó ti le. Ó máa ń na àtẹ́lẹwọ́ náà sí mi kí n fọwọ́ kàn án. Mo máa ń fọwọ́ kàn án.

Nígbà òjò ọdún náà ni ìyá rẹ̀ wá bá wa gbé láti ìlú wọn ní Kogi. Kò ka ọ̀rọ̀ wa sí bàbàrà. Ó ní kò yé òun bí èèyàn ṣe ń pe oko ní ìpè Ọlọ́run, pé inú oko ni wọ́n bí òun sí, tí kò sì sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ gbàdúrà. Èdè Okun ló ń bá àwọn ọmọ mi sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó ṣi ara wọn gbọ́. Òun àti opó Gbagyi yẹn di ọ̀rẹ́. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn rárá. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, tí oníkálukú ń sọ èdè tirẹ̀, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nígbà kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọbẹ̀ wà lórí iná, iyọ̀ tán, òjò sì ń rọ̀. Màmá bo orí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá, ó jáde. Nígbà tó wọlé, iyọ̀ wà nínú ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi dìde.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í yá nǹkan nínú ilé yìí."

"Ta ló yá nǹkan?"

"Iyọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́?"

Màmá wò ó bí ìgbà tó ṣì kéré. "Ti báńkì ni gbèsè. Iyọ̀ kì í ṣe gbèsè. Bí o ò bá gba iyọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ojú wo ló fẹ́ fi wá gba ata lọ́wọ́ rẹ? O fẹ́ kí gbogbo ayé jìnnà sí ọ, o wá ń pè é ní ìgbàgbọ́."

Ó da iyọ̀ sínú ọbẹ̀. Ọkọ mi jókòó, ó jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí opó náà fi wá gba ata. Láti ìgbà yẹn, odó wọn ń wá sọ́dọ̀ wa, asẹ́ wa ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ọkọ mi sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Inú ọyẹ́ ni Màmá kú, lọ́sàn-án Sátidé. Mò ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga. Mo gbọ́ igbe opó náà lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí igbe yẹn ò nílò ògbufọ̀. Mo kọ́kọ́ sá ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi, mo fa apá rẹ̀ gún. Lẹ́yìn náà ni mo lọ. Màmá fẹ̀yìn ti igi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí wà lórí itan rẹ̀. Opó náà ti ju ara sílẹ̀, ó ń yí nínú erùpẹ̀. Mo pa ojú Màmá dé, mo gbọn èèpo kúrò lára aṣọ rẹ̀, mo sì gba oko lọ pe ọmọ rẹ̀. Mi ò sáré.

Kí a tó gbé òkú kúrò nílẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi ti ń pè lórí fóònù. Ó ní kí a gbé Màmá sí mọ́ṣúárì, kí a fún àwọn ní oṣù díẹ̀, kí oníkálukú lọ yáwó, kí a sin ín bí ìyá olówó.

"Mi ò ní yáwó sin ìyá mi," ni ọkọ mi wí.

"Bọ̀dá mi, gbogbo ayé ló ń yá a!"

"Mo gbọ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà la gbé e lọ sílé. Iṣu oko wa la kó sẹ́yìn ọkọ̀, òun náà ni wọ́n sè fún àwọn tó wá. Olùṣọ́àgùntàn gbàdúrà, a sin ín sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, dúró sí ẹnu sàréè, ó pariwo mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn.

"Ṣé ajá lo wá sin ni? Ìyá tó bí ọ?"

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà títí ó fi kú, Sìstá mi," ni ọkọ mi dáhùn. "Mo bá a jẹun láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Mi ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan."

Obìnrin náà kẹ̀yìn sí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó pè wá mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, mo dúró pẹ̀lú gèlè dúdú lórí, mò ń wo ìka ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Àwọn kan ní mo lọ́kàn ọkùnrin. Àwọn mìíràn ní mi ò fẹ́ràn Màmá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ìlú mi, ohun tí èèyàn kàn mọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo bá ọkọ mi kọ ebè. Àwa méjì péré la wà lóko. Ó dédé dúró, ó fara ti ọkọ́.

"Mọ́mì, ṣé ibí yìí ń ni ọ́ lára?"

Mo fẹ́ sọ pé a dúpẹ́. Ohun mìíràn ló jáde lẹ́nu mi.

"Kò sí ohun tó ń ni mí lára, Dádì. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí Màmá kú, aṣọ ni mò ń sá. Láti ìgbà tí oyún yẹn ti bà jẹ́ ló ti rí bẹ́ẹ̀."

Ó ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé bí a bá kúrò nínú ilé yẹn, a máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi náà kì í lè wọ yàrá tí a kùn de ọmọ náà." Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe gbèsè nìkan ló lé wa jáde ní Jahi.

Ó bá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Dókítà obìnrin kan bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí, ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa padà wá kí a jọ máa sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìyàtọ̀ kankan lára. Kì í ṣe ayọ̀ ló kọ́kọ́ padà wá bá mi. Ìbínú ni. Mò ń gé ilá nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ kan ni mo dédé ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ ò bi mí!" mo pariwo mọ́ ọkọ mi. "Ẹ ti gbàdúrà tán, ẹ ti pinnu tán, kí ẹ tó wá bi mí pé kí ni mo rí sọ!"

"O ní ó dáa."

"Ṣé ẹ ò rí i pé òkú ló ń sọ ọ́ ni?"

Àwọn ọmọ yọ́ jáde lọ bá ajá wọn. Ọkọ mi ò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní òun ò bi mí lóòótọ́, pé ó yẹ kí òun bi mí. Ó wá bi mí lọ́jọ́ yẹn bóyá mo fẹ́ ká padà sí ìlú. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo rò ó títí iṣu fi ta, mo sì ní ká dúró. Ilẹ̀ náà ti mọ́ mi lára, owó oṣù mi ò sì lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Mo ní àmọ́ bọ́ọ̀sì yẹn ti sú mi. A jọ tọ́jú owó, a ra ọkọ̀ àlòkù kan, èmi ni mo sì ń wà á.

Ní ọjọ́ Àjíǹde kan, ọ̀kadà gbé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, èyí tó pariwo lẹ́nu sàréè, dé iwájú ilé wa láìsọ tẹ́lẹ̀. Eruku ti bo ìró rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó kan wo òkè, ó wo oko, ó ní ọ̀nà yìí jìnnà, ó sì béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Mo júwe ẹ̀yìn ilé fún un, mo sì bu omi tẹ̀lé e.