Àgbélébùú Méjì Lára Fáìlì Ìyá Àgbà

Òórùn epo jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kí wa káàárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà màmá mi ní Sábó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ti tàn, ohùn ìyá tó bí wọn ni màmá mi máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, èyí tí wọ́n fi fóònù kan tó ti bàjẹ́ gbà sílẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé kí ìyá àgbà tó kú. Ìyá àgbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: "Àjíkẹ́, Àjíkẹ́ o."

Ìyá àgbà kan náà ló kọ́ mi pé bí ẹnìkan bá pè mí tí n kò rí i, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Ní àràárọ̀, màá fún ẹnu mi pinpin. Ẹ̀rù ohùn wọn ń bà mí gan-an.

Màmá mi ní lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti dáàṣì kékeré nìkan ni kí n máa fi sọ fáìlì lórúkọ. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé fáìlì kì í sì í gbé ilé kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà mìíràn lè má mọ àmì tí a bá fi sí i. "iya-agba-1" ni ohùn yẹn ń jẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ kó lọ sí Ọ̀yọ́, èmi ni wọ́n ní kí n kó àwọn fáìlì sórí fíláàṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tiwa, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń fa àgbélébùú sí ẹnu ọ̀nà kí ohun burúkú má bàa wọlé. Mo rò pé ohun tí kò jẹ́ kí ohun burúkú wọlé kò ní jẹ́ kí ohùn ìyá àgbà jáde wá pè mí mọ́. Mo bá mú àmì àgbélébùú látinú ìwé ètò ìsìnkú kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà, mo fi ọ̀kan síwájú orúkọ fáìlì náà, mo fi ọ̀kan sẹ́yìn. Màmá mi pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ́, wọ́n tà á.

Lórí kọ̀ǹpútà tuntun ní ṣọ́ọ̀bù wa tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, àpótí kékeré méjì tó ṣófo ló dúró níbi àgbélébùú. Màmá mi tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ń wò ó níwájú wa. Wọ́n tún un tẹ̀ títí, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Àjíkẹ́, kí lo fi ìyá mi ṣe?"

Mo rí wọn kedere. N kò dáhùn.

Èmi náà ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kọ̀ǹpútà báyìí. Mo ti gbé fíláàṣì yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní orúkọ wà, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ṣì máa ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ń bẹ̀rù pé ìyá àgbà á pe òun. Bí wọ́n bá pè mí lónìí, n kò ní wẹ̀yìn kí n tó dáhùn.