Ẹ̀fọn Méjì Lórí Aṣọ Funfun

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni ìyàwó mi jókòó sétí ibùsùn, tó ní òtútù ń mú òun, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń mú gan-an ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná.

Ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ibà ni."

Mo ní kì í ṣe ibà, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un.

Ohun tó mú kó dá mi lójú nìyí. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni mo kà ní yunifásítì láyé àtijọ́, nígbà tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ọ̀tà. Nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì tuntun dé, àwọn olùkọ́ kan ní kí n máa bá àwọn ka ẹ̀fọn láti ilé dé ilé. A ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ yàrá, a ó fín oògùn, a ó sì ti ilẹ̀kùn. Tó bá yá, a ó wọlé lọ ṣa àwọn ẹ̀fọn tó já bọ́, ká lè mọ bí irú tó ń gbé ibà kiri ṣe pọ̀ tó. Ní yàrá tiwa, méjì péré la rí lọ́sẹ̀ tí òtútù ń mú un yẹn.

Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ kúkú bá mi bi àwọn méjèèjì bóyá àwọn ló jẹ mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní oògùn ara ríro fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi ti ọmọ tí gìrì ń ṣe. Bùkọ́lá ọmọ wa ló wá ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Èmi àti Bùkọ́lá jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà ni, ó sì ti dé ọpọlọ: kòkòrò ibà ti dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà níbẹ̀. Dókítà bi mí níbi tó máa ń wà lóru títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mo ní ilé ni.

Bùkọ́lá ní, "Bàbá mi, ẹ sọ òótọ́."

Láàárọ̀ ojoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó mi máa ń bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Ẹ̀bá àwọn kòtò tí àwọn kọ́lékọ́lé gbẹ́, tí omi òjò kún, ni wọ́n ti ń sinmi. Mo mọ̀. Èmi ni mo ń ṣí géètì fún un. Mo ka ẹ̀fọn inú yàrá, n kò ka ti ibi tí ìyàwó mi wà nígbà tí ẹ̀fọn ń jẹni.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gba omi sára. Ó lajú, ó jẹun, ó dìde rìn. Etí rẹ̀ nìkan ni kò bá a padà. Dókítà ní ó lè ṣí, ó lè má ṣí. Ọdún kẹta rèé.

Kí a tó kúrò nílé ìwòsàn, mo tọrọ àforíjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi, ó ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Mo pariwo rẹ̀. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́, àfi òun. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kà á, ó ká a, ó ní, "Mo ti mọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹni yín bá ní ibà ń ṣe òun, ẹ má bá a jiyàn; ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ara rẹ̀ ló mọ ohun tó ń ṣe é.

Mo dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, n kì í gbọ́ èsì mọ́. Mo ní láti dìde, kí n rìn yí i ká, kó tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.