Ọwọ́ Mi Kọ́ Ló Ba Rédíò Jẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ààyè-Èkìtì, èmi ni mo máa ń nu eruku ara rédíò bàbá mi. Bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn àgbà a péjọ síwájú ilé wa láti gbọ́ ìròyìn òkè òkun. Ohùn náà a máa lọ geere, àfi lójijì kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kó rì, kó tún yọ, bí ẹni tí odò ń gbé lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọn kì í wo ibòmíràn. Èmi ni wọ́n ń wò. "Kí lo tún fọwọ́ kàn?" Ẹgba ló ń tẹ̀lé e. Bí mo bá ní aṣọ gbígbẹ ni mo fi nù ún, wọ́n á ní mo ń jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá sọ mí ní Abarédíòjẹ́, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ohùn náà rì pátápátá lójú àlejò, bàbá mi ní, "Ọwọ́ tó ń ba nǹkan jẹ́ kì í ṣe ọwọ́ ìwé. Uṣẹ́ oko ló yẹ ẹ́." Bí mo ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi mọ ìwọ̀nba tí mò ń kọ yìí.

Ìkọ̀lé ni mò ń gbé báyìí. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì gba yàrá lọ́dọ̀ mi. Rédà ni iṣẹ́ rẹ̀: àwọn irin gíga tí wọ́n rì mọ́ inú pápá, tí ń ju ìgbì rédíò sókè, tí ń gbà á padà, kí wọ́n lè mọ ohun tó pàdé lọ́hùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àwòrán ohun tí rédà náà rí hàn mí lórí kọ̀ǹpútà.

"Màmá, ẹ wò ó. Bí oòrùn bá wọ̀, òkè ojú ọ̀run yìí a dà bí ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa: kókó níhìn-ín, omi lásán lọ́hùn-ún. Bí ohùn rédíò bá gba ibẹ̀ kọjá, á fọ́ sí wẹ́wẹ́."

"Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè fà á?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ta ni, Màmá? Bàálù gan-an kì í fò débẹ̀!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ṣebí wọn ì bá ní kí ẹlòmíràn nu rédíò yẹn lọ́jọ́ kan péré, kí wọ́n wò ó bóyá ohùn rẹ̀ kò ní rì. Kò sẹ́ni tó dán an wò!

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó ní, "Abarédíòjẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lo wá ń tú síta? Ṣebí eré ni." Eré! Òun tó kàwé débi tó fi di tíṣà.

Ayé ti yí. Lónìí, òkè ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ bi léèrè. Nígbà tiwa, ẹ̀yìn ọmọ ni wọ́n ń nà. Bàbá mi ti lọ, mi ò lè bá òkú jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń pè. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè: "Abarédíòjẹ́, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Mò ń gbọ́ ọ ketekete. Mo gbé fóònù náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí, màá dáhùn.