Tún Un Kà

Ìdánwò fífetísílẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń ṣe fún kíláàsì mi l'Ókìtìpupa. Òfin ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí n ka ìwé ìdánwò náà sí wọn létí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejèèjì tán, ó sì ti rẹ̀ mí, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń rùn fún epo pupa nawọ́: "Máà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Ìyá mi ni mo rántí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan n'Íkọ̀yà. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti àárọ̀, epo pọ́n dé orúnkún rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dijú, ó ní kí n ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì mi kí òun dán mi wò.

"O kọsẹ̀ láàárín. Tún un kà."

Ìyá bàbá mi pè é padà sídìí ẹyìn.

"Mò ń dán ọmọ wò lọ́wọ́, mà."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á, inú ń bí mi. Eṣinṣin ń bà lé e lẹ́sẹ̀, kò lé wọn.

Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ìsinmi ló ń fi ìwé mi jí.

Ọmọbìnrin náà ti gbórí lé tábìlì. Mo ṣí ìwé náà, mo tún un kà, mi ò kánjú.