Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Ṣáájú Ọjọ́ Rẹ̀

Ní gbogbo àsìkò tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi kì í dúró sójú kan. Bí mo bá jókòó láti fún ọmọ lọ́mú, orúnkún mi á máa gbọ̀n títí ọmọ á fi gé mi jẹ. Mo ń gbá iwájú yàrá wa lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, débi tí obìnrin tó múlé tì wá fi ní, "Ìyàwó, kí ni ilẹ̀ yìí ṣe fún ẹ? Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ kó sinmi." Irọ́ kan ni mo pa. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo ń pa á, n ò pè é ní irọ́. Ẹ̀rí ni mo pè é.

Ọkọ mi ń lẹ táyà tírélà ní páàkì kan ní Àpápá, ibi táwọn awakọ̀ máa ń dúró sí títí wọ́n á fi pè wọ́n wọ ibùdókọ̀ ojú omi. Kó tó mọ̀ mí ló ti ń fa sìgá. Mi ò lè sọ pé ó tàn mí, torí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ni mo ti gbóòórùn rẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo bímọ ló tó di wàhálà. Yàrá kan la ní ní Ajégúnlẹ̀, ògiri ilé ẹlòmíì sì ni fèrèsé wa kọjú sí. Ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí ológbò bá ń sùn. Wọ́n sọ fún mi níbi tí mo ti lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un pé èéfín ò dáa fún irú àyà yẹn rárá. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó gbọ́. Ó ní òun á jáwọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Òótọ́ ni, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò fẹnu kan án.

Ẹni tí kò bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lè má lóye ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Sunday tó bọ́ sínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Níbi tiwa, a kì í dúró kí nǹkan dé ọwọ́ ká tó dúpẹ́. Pásítọ̀ wa máa ń ní ẹnu ló ń kọ́kọ́ gbà á, ọwọ́ á wá bá a níbẹ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ á jó jáde, á ní òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń wá ọmọ á gbé aṣọ ìkókó dání, á ní ẹ bá òun gbé ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọmọ ọ̀hún dà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣe, a ó sì pariwo Halelúyà láti fi ràn án lọ́wọ́. Bí èmi náà ṣe gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìyẹn. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọkọ mi ti fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, kò ní padà sí i mọ́!" Ìjọ pariwo. Mo jó padà sí ìjókòó mi.

Nígbà tó fi máa di Tuesday, ó ti padà sí i.

Àlejò kan wà láàárín wa lọ́jọ́ Sunday tí mo jẹ́rìí yẹn. Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ, tó wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn ìsìn. Ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí èèyàn bá dìde tó ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó bá mi níta, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ìyàwó mi, ṣé lóòótọ́ ni? Ó ti jáwọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Áńtí. Lórúkọ Jésù."

Ǹ bá ti sọ fún un nígbà náà pé ìgbàgbọ́ ni mo fi sọ ọ́, mi ò sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ mi sì ti dùn mọ́ èmi fúnra mi lẹ́nu.

Kò sí bí mo ṣe máa mọ̀ pé òun ló ń darí ìpolongo lòdì sí sìgá tí wọ́n ń ṣe ní páàkì ọkọ mi gan-an, ní gbogbo ọjọ́ Wednesday. Wọ́n máa ń pa àtíbàbà kan, wọ́n á gbé àga oníke méjì àti ẹ̀rọ kékeré kan tí èèyàn ń fẹ́ èémí sí, tó ń fi nọ́ńbà hàn bí èéfín ṣe pọ̀ tó nínú ara. Wọ́n ti ń wá ẹni táwọn awakọ̀ mọ̀, tó ti jáwọ́. Áńtí ti bi mí níbi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá ya fọ́tò rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà yín, kójú má tì mí. Kí wọ́n tó gbé e kọ́, ẹ ti máa jáwọ́ náà." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó na àtàǹpàkò sókè. Wọ́n fún èmi náà ní aṣọ àwọ̀lékè kan tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn, kí n máa bá wọn pín ìwé.

Báyìí ni ojú ọkọ mi ṣe dé ara ọgbà páàkì, lórí aṣọ ńlá kan tí wọ́n fi okùn so, ó tóbi bíi ti olóṣèlú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: MO TI JÁWỌ́, ÌWỌ NÁÀ LÈ JÁWỌ́.

Ẹ̀yìn kọ̀ntéínà ló wá ń lọ fa tirẹ̀. Àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní Pásítọ̀ Sìgá. "Pásítọ̀, ṣé ẹ ti gbàdúrà tán lẹ́yìn kọ̀ntéínà?" "Pásítọ̀, ẹ yá mi níná, kì í ṣe iná Ẹ̀mí Mímọ́ o!" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín nílé. Tẹ́lẹ̀, etí gọ́tà ìta ló máa ń dúró sí tó bá fẹ́ fà á, ojú gbogbo èèyàn. Ní báyìí tí ó di ẹni tó ti jáwọ́, ó ń bọ́ sí balùwẹ̀ gbogboogbò lẹ́yìn ilé, ibi tí mo máa ń sá aṣọ ọmọ sí nígbà òjò. Mo gbé táwẹ́lì ọmọ mi sí imú lọ́jọ́ kan, mo jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì, mo sunkún.

Ní Wednesday kan, Áńtí Nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé ẹ̀dọ̀fóró fún wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe é. Mọ́tòbọ́ọ̀ì kan nawọ́ sókè.

"Áńtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró yìí, ṣé bí fọ́tò ara ọgbà yẹn ṣe jẹ́ òótọ́ náà lòun náà ṣe jẹ́ òótọ́?"

Áńtí ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ọmọ mi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀ sórí táyà. Áńtí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé inú wọn ló dùn. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi rin fún òógùn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohun tí mo bà jẹ́ kì í ṣe orúkọ ọkọ mi nìkan. Òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ, irọ́ tèmi ni wọ́n sì fi ń wọn òótọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀ mo dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ó máa jáwọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì di òótọ́.

Alájì ló wá fòpin sí ìdákẹ́jẹ́ mi. Awakọ̀ ni Alájì, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Ọkọ mi ló máa ń lẹ táyà wọn. Wọ́n yà sílé wa lọ́sàn-án Saturday kan, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì síwájú bí ẹni pé kì í ṣe tiwọn.

"Ìyàwó wa, mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá bi ọ́."

Wọ́n ṣí fìlà. Sìgá méjì ni wọ́n dì sínú bébà níbẹ̀.

"Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò lọ dáadáa sí ẹsẹ̀ yìí mọ́. Ó ní bí mi ò bá fi sìgá sílẹ̀, wọ́n lè gé e. Mo ti gbìyànjú rí, mi ò lè ṣe é. Ìgbà tí mo wá rí ọkọ rẹ lára ọgbà, mo ní, ah, ọmọ tí mo máa ń tan iná sí sìgá rẹ̀? Bí òun bá lè ṣe é, èmi náà á ṣe é. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé, ojú ọ̀nà ni mo sì wà látìgbà náà." Wọ́n nu ojú. "Láàárọ̀ yìí, ọmọkùnrin kan ní páàkì ní irọ́ ni, pé ó ṣì ń fà á. Mo bú u. Mi ò fẹ́ bi ọkọ rẹ, ọkùnrin á parọ́ irú rẹ̀. Ìwọ lò ń sùn tì í. Ṣé ó ti fi í sílẹ̀?"

Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Mo dìde, mo tún ọ̀já so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ju sìgá méjèèjì sí gọ́tà, wọ́n á lọ. Irọ́ tó ń gba ẹsẹ̀ èèyàn là, ṣé ó burú? Bẹ́ẹ̀ ni lọ́la wọ́n á rí ọkọ mi lẹ́yìn kọ̀ntéínà fúnra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni wọ́n á tún gbà gbọ́? Dókítà ọ̀hún ńkọ́?

Mo ní, "Alájì, ẹ má bínú sí mi. Kò tíì fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló ṣe. Èmi ni mo parọ́."

Wọ́n fa ẹsẹ̀ òsì náà mọ́ra.

"Ọjọ́ mẹ́rin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi nìkan ni mo wá ń ṣe é látọjọ́ yìí."

Wọ́n mú ọ̀kan nínú bébà. Ìṣáná kú lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tó ṣá ẹ̀kẹta, wọ́n gbójú sókè sí mi. "Gbé ọmọ wọlé." Mo wọlé. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á, títí wọ́n fi mu méjèèjì tán.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ fún un, mo sì ní mo máa sọ fún Áńtí náà. Ó bọ́ bàtà, ó wọ̀ ọ́ padà.

"O fẹ́ sọ fún gbogbo ayé pé òpùrọ́ ni mí?"

"Èmi ni òpùrọ́."

"Ojú ta ló wà lára ọgbà? Ta ló gbé mi kọ́ síbẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

Ó jáde. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Wednesday.

Mo dé páàkì kí Áńtí tó pa àtíbàbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ti Alájì. Ó jókòó.

"Mo bi ọ́ o."

"Ẹ bi mí, Áńtí."

"Àwọn èèyàn yìí, ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ gbé e kọ́, mà."

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá wọn ya fọ́tò wà nítòsí. Ó ní kò tíì bàjẹ́ jù, pé àwọn ọ̀gá ìpolongo náà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ọkọ mi ṣáà má fa sìgá fún odidi ọjọ́ kan kó tó wá fẹ́ èémí, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kan. Áńtí yíjú sí i. Ó ní, "Ẹ̀rọ lo rò pé à ń tàn?" Ó gun orí táyà, tòun ti ara tó wúwo, ó tú okùn fúnra rẹ̀. Ojú ọkọ mi wó lulẹ̀.

Ó pe àwọn awakọ̀ jọ. "Ohun tó wà lára aṣọ yìí kì í ṣe òótọ́. Mi ò wádìí kí n tó gbé e kọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Mi ò lè jẹ́ kó dá a rù. Mo dìde láàárín àwọn ọkùnrin yẹn, mo sọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n hó lé mi lórí. "Ah, Ìyá Ìjọ!" "Ẹ bá wa yin Olúwa!" Lápá ọ̀hún, mò ń gbọ́ tí ọkọ mi ń fi òòlù lu irin táyà, gbà, gbà, gbà, ó le ju bó ṣe yẹ lọ.

Mọ́tòbọ́ọ̀ì ọjọ́sí tún nawọ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Áńtí, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró wá ńkọ́?"

Ó ní, "Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi dandan mú ẹ gbà mí gbọ́ lónìí."

Púpọ̀ nínú wọn lọ. Mẹ́ta ló dúró.

Áńtí ní kí n dá aṣọ àwọ̀lékè padà. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo mú un lọ fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún Pásítọ̀ pé mi ò ní jẹ́ irú ẹ̀rí yẹn mọ́ títí ọwọ́ mi á fi tẹ nǹkan. Ó ní ìgbàgbọ́ mi ti ń jó rẹ̀yìn. Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi padà sí etí gọ́tà, níta gbangba. Kò tún lọ fà á ní balùwẹ̀ mọ́. Tí mo bá bi í pé mélòó ló fà, ó ń sọ ọ́ fún mi, ìgbà míì á fi ìbínú sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Thursday tó kọjá, Alájì pè mí lórí fóònù láti Ògèrè, mò ń gbọ́ ìró tírélà lẹ́yìn wọn. Wọn ò kí mi pẹ́. "Ìyàwó wa, mélòó ni tirẹ̀ lónìí?"

Mo pariwo bi ọkọ mi tó ń wẹ̀. Ó pariwo padà, "Mẹ́rin!"

"Mẹ́rin ni, Alájì."

"Èmi, méjì. Ìkẹta ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo ní kí n kọ́kọ́ pè ná."

Nẹ́tíwọ̀kì gé e. Mo pè wọ́n padà lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n tan iná sí i.